Orí Kòkòrò Nìkan Ni Ó Jí

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti dárí ji ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n, tí wọ́n á sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ò sí lára wọn. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mo dì í sínú fún ọdún gbọọrọ, mo sì ń ṣọ́ ìbínú náà bí ẹni ń ṣọ́ iná ààrò kí ó má baà kú. Bàbá mi, tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní katikísìmù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Bantè, ní kí n fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n fi kékeré yìí sílẹ̀ fún èmi.

Kòkòrò ló dá ìjà náà sílẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn abúlé ìyá mi, láàárín Bantè àti Savalou. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá lọ fọ aṣọ níbẹ̀, a máa ń rí nǹkan tín-ín-rín kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, tí a fi iyanrìn mọ yíká. Bí o bá rọra fún un ní ìdí, kòkòrò kan á yọ orí níwájú, á wò ọ́, á tún wọlé padà. Akọ́lé ni a ń pè é. Inú omi ni ó ń gbé nígbà èwe rẹ̀. Bó bá dàgbà, á hu ìyẹ́, á fò jáde, á sì máa yí iná àtùpà ká bí òkòtó.

Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé oríṣiríṣi ni wọ́n, àti pé ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè sọ irú omi tó wà nínú odò kan láìtọ́ ọ wò. Àwọn kan ń fi iyanrìn kọ́lé, àwọn kan ń fi ewé gígé, àwọn mìíràn ò sì kọ́ nǹkan kan. Abẹ́ òkúta ni àwọn wọ̀nyí ń gbé, tí wọ́n á ta àwọ̀n kékeré dí ojú omi, tí wọ́n á máa jẹ ohunkóhun tí omi bá gbé wá. Nínú àwọn atàwọ̀n yìí, méjì wà tí wọ́n jọra gan-an. Ọ̀kan kì í gbé inú omi tó bá dọ̀tí rárá. Èkejì kò kọ ìdọ̀tí. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú omi, oúnjẹ ni fún un.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ wọ́n? Orí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Orí èyí tó fẹ́ràn omi mímọ́ máa ń pọ́n bí ọsàn tó gbó, ti èkejì sì máa ń dúdú tàbí kí ó rí bí erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kò tó. Lẹ́yìn orí ni ìpín mẹ́ta tí ẹsẹ̀ ti yọ wà. Lára onílé omi mímọ́, ìpín àkọ́kọ́ nìkan ni ó ní èèpo líle, méjì tó kù rọ̀, wọ́n sì funfun. Lára èkejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó le. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá yí i sókè kí o wo ikùn rẹ̀. Bí o bá rí ohun tó dà bí òwú funfun tó ya ẹ̀ka lábẹ́ ikùn, tó sì tún ní ìdì irun níbi ìdí, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú mọ́, ẹlẹ́gbin nìyẹn. Ikùn èyí tó mọ́ ń dán ni, kò sí òwú kankan níbẹ̀.

Ọkùnrin náà àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Mo mọ àwòrán yà, òun sì mọ ẹnu lò. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú wá iṣẹ́ tí yóò fi jáde, mo yan àwọn kòkòrò odò tiwa. Mo ń kó wọn láti Bantè dé Djaloukou, mo ń gun kẹ̀kẹ́ zémì, ọ̀kadà tiwa, pẹ̀lú ike omi láàárín itan mi, àwọn tó ń gbé mi sì ń bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ sìn. Mo gba yàrá kan ní Savalou, níbẹ̀ ni mo ti ń fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ yàwòrán wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Orí gbogbo wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà tán, kí n tó ya ẹ̀yìn, kí n tó wá ya ikùn.

Nígbà tí mo ya orí tán ni ó wá kí mi. Ó jẹ gààrì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí mi, ó fi ẹ̀pà sí i, ó tún bu omíràn. Ó wo àwòrán náà, ó ní ọwọ́ mi dára, ó ní kí n yá òun lọ kí òun fi kọ́ ẹ̀kọ́, òun á dá a padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo fi sínú fáìlì fún un. Mo tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà tí mo tún fi ojú kan àwòrán mi, inú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń dán ni ó wà, ìwé tí ènìyàn lè fi sápò, tí a fi ń dá kòkòrò odò mọ̀. Orúkọ ọkùnrin náà ló wà níwájú rẹ̀. Níbi tí pẹ́ńsùlù mi ti yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kòkòrò kan, ìlà kékeré yẹn wà níbẹ̀ digbí. Ìwé yẹn ni ó fi rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ omi wò káàkiri, wọ́n fún un ní mọ́tò, wọ́n fún un ní awakọ̀. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́? Orí kòkòrò lásán ni."

Orí kòkòrò lásán. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé, mo jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, mo fi sùn, mo fi jí. Mo wá di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Mo sì parí àwòrán mi. Mo ya ẹ̀yìn, mo ya ikùn, mo ya ìdì irun tó wà níbi ìdí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì mi. Ìwé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ti kà á dé ìparí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí orí nìkan ni ó rí jí. Ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn pé bí orí bá ti pọ́n, omi mọ́. Mo lè kọ̀wé sí i kí n tọ́ ọ sọ́nà. Mo ní kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, ibi tí yóò já sí ni mo fẹ́ mọ̀.

Odò abúlé ìyá mi ni ó já sí.

Lókè odò náà, àwọn kan kọ́ ilé iṣẹ́ gààrì ńlá kan. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún jáde níbẹ̀ ń ṣàn tààrà wọ inú odò. Láàárín àsìkò díẹ̀ omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó ìfófòó, ó ń kan, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ di ikùn mú. Ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn inú rírun. Ní ọdún yẹn, ilé iṣẹ́ mẹ́rì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní Savalou fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àwọn abúlé kan, abúlé wa sì wà lára wọn. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ yẹ omi tí oníkálukú ń mu wò, kí abúlé tí omi rẹ̀ bá ṣì dára fún àwọn tó burú jù láyè. Ọkùnrin yẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Wọ́n pè wá sí ìpàdé. Baálẹ̀ abúlé ìyá mi ní kí n wá dúró fún wọn, torí pé èmi ni mo gbọ́ Faransé dáadáa. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ náà ló ṣe alága, obìnrin ẹ̀yà Màhì kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó kí mi ní "Madamu" bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó gbé ìgò kan lé orí tábìlì. Kòkòrò odò wa ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó na ìka sí àwòrán mi, ó ní, "Ẹ wò ó. Orí wọn pọ́n. Irú èyí kì í gbé inú ìdọ̀tí. Odò yẹn mọ́. Kí kànga ẹ̀rọ wọn lọ sí ibòmíràn."

Mo fò dìde. Kì í ṣe ẹ̀rù, ayọ̀ ni. Mo sún mọ́ ìgò náà. Lóòótọ́ orí wọn pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn náà pọ́n, ikùn wọn pọ́n, ìdì irun tó wà níbi ìdí pọ́n. Kòkòrò kankan kì í pọ́n láti orí dé ìdí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan pa á láró.

Mo pè é bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá, mo ní, "Sẹ̀fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí i."

Ó ṣí i. Òórùn sódàbì, ògógóró tiwa, gba inú yàrá náà. Gbogbo àgbà ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ gbé imú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í tilẹ̀ ṣe sódàbì lásán, èyí tí wọ́n ń rẹ èèpo igi àti egbò sí ni, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Tchetti fún àwọn tí ẹ̀yìn ń ro. Baálẹ̀ kan ní, "Èyí tó dára ni o." Ẹ̀rín sọ.

Ọkùnrin náà ní ọtí tí a fi ń tọ́jú kòkòrò ló tán lọ́wọ́ òun lọ́nà, òun sì ra èyí tí òun rí. Ó ní ọtí ni ọtí í jẹ́.

Mo ní, "Sódàbì funfun ì bá ṣe é. Èyí tí ẹ rà yìí, bí ẹ bá ki ṣẹ́ẹ̀tì yín bọ̀ ọ́, òun náà á pọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi orí sílẹ̀. Ẹ bá wa wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo yọ gíláàsì tí mo fi ń sọ nǹkan kékeré di ńlá jáde nínú àpò mi, mo da kòkòrò kan sórí abọ́ funfun, mo pe alága. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́. Mo ní kí ó ka èèpo líle tó wà lẹ́yìn. Ó ní mẹ́ta. Mo yí kòkòrò náà sókè, mo ní kí ó wo ikùn. Ó ní òwú ni òun rí. Ọkùnrin náà ń ṣí ìwé rẹ̀ síwá, ó ń ṣí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ẹ̀yìn àti ikùn wà. Wọn kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀, ara ògiri mi ni wọ́n wà. Mo fẹ́ kí ó wá wọn pẹ́.

Nígbà tí ó sú u, ó kọjú sí alága, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ó ti dì mí sínú láti yunifásítì."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dì ọ́ sínú. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ò bá ọ jà rí."

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò lè fi ohun tó ti mutí pinnu fún odindi abúlé, pé kí gbogbo wa lọ sí odò náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a kó kòkòrò lójú gbogbo ènìyàn. Inú mi dùn débi pé mi ò jẹun alẹ́. Nígbà náà ni mo ronú kan omi àlejò.

Lọ́dọ̀ wa, àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kí ó tó mu omi. Onílé á bu omi, á kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, á wá gbé e fún un. Òùngbẹ ìbáà má gbẹ àlejò, á fi ẹnu kàn án. Bó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ ohun tó ń rò nípa onílé nìyẹn. Ní ìsinsìnyí, bí àwọn ará ọ́fíìsì bá ń bọ̀ láti ìlú, omi inú ọ̀rá ni àwọn ènìyàn wa máa ń rà kalẹ̀ fún wọn. Mo gun kẹ̀kẹ́ zémì lọ bá ìyá mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má ra omi inú ọ̀rá fún àlejò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ní, "Kí ni wọn ó wá mu?"

"Omi odò. Ọkùnrin tó ń bọ̀ náà ló ní ó mọ́."

Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mọ ọkùnrin náà, gààrì rẹ̀ ni ó jẹ. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni màá kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án?"

Mo ní mo mọ̀. Mo ti ń wo bí ojú ọkùnrin náà yóò ṣe rí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n dé pẹ̀lú mọ́tò méjì. Gbogbo abúlé ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wà níwájú pẹ̀lú aṣọ wọn. Ìyá mi jáde pẹ̀lú igbá. Àwọ̀ omi náà ti yí padà, ìfófòó kékeré ń yí létí igbá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà. Omi rèé." Ó gbé igbá sẹ́nu, ó mu, ó gbé e mì, a sì rí i lọ́fun rẹ̀. Ó na igbá náà sí ọkùnrin náà.

Ó gbà á. Ó wo inú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣé o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi tán nínú mọ́tò ni."

Ìyá mi kò na ọwọ́ gba igbá náà padà. Ó ní, "Ẹ fi ẹnu kàn án, ọmọ mi."

Alága ní, "Sẹ̀fù, ṣebí ẹ ní ó mọ́." Ọkùnrin náà gbé igbá náà dé àyà, òórùn rẹ̀ sì kàn án nímú, mo rí bí ihò imú rẹ̀ ṣe fà. Ó wò mí. Mo wò ó padà, mi ò sì ṣẹ́ ojú. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn, ojú yìí gan-an ni mo fẹ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá náà kalẹ̀.

Alága ní ó ti tó, pé kànga ẹ̀rọ kò kúrò ní abúlé yìí, wọ́n á wá gbẹ́ ẹ bí òjò bá dá. Àwọn ènìyàn hó yèè. Ẹlòmíràn ì bá jẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Mo ní rárá, odò ni a tìtorí rẹ̀ wá. Mo mú kí ó ká ṣòkòtò, mo mú kí ó wọnú omi kíkan yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, kí ó ṣí òkúta, kí ó mú kòkòrò kan. Orí rẹ̀ rí bí erùpẹ̀, kò pọ́n rárá. Mo ní kí ó ka ẹ̀yìn, kí ó yí ikùn sókè, kí ó sọ ohun tó rí, kí ó gbóhùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ó sọ ọ́. Mo ní mi ò gbọ́ dáadáa, ó tún un sọ. Mo bi í ta ni ó ya orí tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó na ìka sí mi. Ó dùn mọ́ mi dé egungun, mi ò ní purọ́.

Mọ́tò wọn lọ tán, eruku rọlẹ̀, mo padà sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó gbé igbá omi àlejò náà nílẹ̀, ó fi ìka ti ìfófòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Mo ní, "Ìyá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ dà á nù!"

Ó mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Òun náà kọ́ ni mò ń mu lójoojúmọ́?"